Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Tí Kò Ṣiṣẹ́ Mọ́: Ohun Tí A Lè Yẹ̀ Wò Nílé Kí A Tó Pe Oníṣẹ́

  

 Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ wọ inú ìwé ìròyìn ilé-kéwú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ka ìbẹ̀rẹ̀ Súrátù Mudathir mọ̀ pé ọ̀rọ̀ aṣọ mímọ́ kò jìnnà sí ẹ̀sìn rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti gbé fífọ aṣọ tí a fi ń kírun lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ó yẹ kí á mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, kí á sì mọ ìgbà tí kò ṣe é mọ́.

Ní ìgbà èwe tiwa, ọwọ́ àti odò ni ẹ̀rọ ìfọṣọ. Lóde òní, ilé tí ó ní ẹ̀rọ ti pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé mìíràn, ẹ ó rí ẹ̀rọ ìfọṣọ tí wọ́n ti sọ di àpótí ìkóbàtà sí, tàbí ibi tí adìẹ ń yé sí. Bí ẹ bá béèrè, wọ́n á ní mọ́tò rẹ̀ ti jó. (Mọ́tò tí mo ń wí yìí kì í ṣe ọkọ̀ o, ohun tí ó ń yí inú ẹ̀rọ náà ni.) Nínú àwọn tí èmi fi ojú ara mi rí, èyí tí mọ́tò rẹ̀ jó lóòótọ́ kò pọ̀. Omi tí kò rí ọ̀nà jáde, bẹ́líìtì tí ó ti dẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan tí ó há sábẹ́, iná tí kò tó: àwọn wọ̀nyí ni wọ́n sábà ń fa ìyọnu náà. Èyí tí mọ́tò rẹ̀ sì jó, ohun kékeré kan ni ó kọ́kọ́ bàjẹ́ tí a kò kà sí, kí ó tó di pé mọ́tò jó.

Ọ̀rọ̀ iná ni kí á fi ṣáájú

Kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan inú ẹ̀rọ yìí, kí ó yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò lára ògiri. Pípa sùwíìṣì nìkan kò tó, nítorí ilé wà tí ẹni tí ó so wáyà rẹ̀ ti fi sùwíìṣì sí orí wáyà tí kì í ṣe èyí tí iná ń gbà wá. Bí a bá pa á, ẹ̀rọ á dákẹ́, iná á sì ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì ṣe sọ pé kò kúkú síná. Iná lè dé nígbàkigbà. Àwọn ọmọ ilé á kígbe “Ọ́ọ̀pù NEPA!” (NEPA tí ó ti kógbá sílé láti ọdún 2005, tí àwa kò sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀), wọn kò ní mọ̀ pé bàbá àwọn ti ki ọwọ́ bọ ìdí ẹ̀rọ.

Púlọ́ọ̀gì wa ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Èyí tí ó gùn jù lókè ni ti ilẹ̀, wáyà tí ó sì ń lọ bá a ni èyí tí ó ní àwọ̀ ewé àti ìyeyè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí iná bá ṣì ọ̀nà bọ́ sí ara irin ẹ̀rọ, kí ó gbé e lọ sínú ilẹ̀, kí ó má baà gba ara ènìyàn kọjá. Àwọn kan a máa gé wáyà yìí dànù nítorí pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ láìsí i. Ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró sórí ilẹ̀ tútù, tí ọwọ́ rẹ̀ rin fún omi ọṣẹ, tí ó sì fara kan irin náà, òun ni yóò wá di wáyà ilẹ̀. Bí ẹ̀rọ yín bá ń ta yín lọ́wọ́ bí ẹ bá fara kàn án, ẹ má ṣe sọ pé kí gbogbo ilé máa wọ sálúbàtà bí wọ́n bá ń fọṣọ, bí mo ti gbọ́ ní ilé kan. Ẹ yọ ọ́ lára iná, kí ẹ sì pe oníṣẹ́ iná láti wò ó bóyá wáyà ilẹ̀ wà nínú ilé náà rárá, nítorí ilé wà tí ihò kẹta ara sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò so mọ́ nǹkan kan. Ohun èèlò kan tún wà tí wọ́n ń pè ní RCD, tí ó máa ń gé iná fúnra rẹ̀ bí iná tí ó ń sá lọ sílẹ̀ bá tó 30 mílíáḿpù. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kí ó fi í sí ojú iná tí ẹ̀rọ ń lò.

Ìkìlọ̀ kan kù. Nínú ẹ̀rọ náà, agolo kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní kapásítọ̀. Ó lè mú iná pamọ́ sára lẹ́yìn tí a ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ tàbí irin kan ẹnu wáyà rẹ̀.

Omi tí kò jáde

Ẹ̀rọ tí ó pọ̀ jù ní ilé wa ni ọlọ́pọ́n méjì: ọpọ́n ńlá tí a fi ń fọ aṣọ, àti ọpọ́n kékeré tí ó ń fún omi kúrò lára aṣọ. Àìsàn tí ó ń ṣe é jù lọ ni kí omi má jáde, tàbí kí omi máa jò jáde nígbà tí kò yẹ kí ó jáde.

Ìhín gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan ìrun wa. Bí nájísì bá wà lára aṣọ, omi mímọ́ ni a fi ń mú un kúrò. Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ mọ́sábù Máálíkì, tí ọ̀pọ̀ wa ní ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀, omi tí ọṣẹ ti yí àwọ̀ tàbí òórùn rẹ̀ padà kì í ṣe omi ìmọ́ra mọ́. Ọṣẹ á bọ́ ìdọ̀tí kúrò, ṣùgbọ́n omi lásán ni a ó fi ṣan aṣọ náà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ̀rọ kò bá wá dá omi àkọ́kọ́ nù tán, tí a kàn da omi mìíràn lé e, inú omi ìdọ̀tí kan náà ni aṣọ ṣì wà. Ó lè máa ta sánsán, kí ó sì funfun, kí ọkàn ẹni má sì balẹ̀ láti fi kírun. Nítorí náà, aṣọ ọmọ ọwọ́ tí ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ wà lára rẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ fi omi ṣan án lọ́tọ̀ kí ó tó bá aṣọ yòókù wọ inú ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè tí ó jù báyìí lọ, kí ó tọ àwọn àlùfáà wa lọ. Ìdí ẹ̀rọ ni tèmi mọ.

Bí omi kò bá jáde, rọ́bà gígùn tí ó ń gbé omi jáde ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọlọ́pọ́n méjì kò ní ohun tí ń fa omi; omi kàn ń ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Bí ẹ bá gbé ẹnu rọ́bà náà sókè kọjá ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, bóyá ẹ gbé e lé etí korobá, omi kò ní jáde tán láéláé. Ẹ tẹ́ rọ́bà náà sílẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó ká, tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ “tí ó ti bàjẹ́” ni yóò sàn níbẹ̀.

Bí rọ́bà bá dára, ẹ ṣí ìdérí ẹ̀yìn ẹ̀rọ (púlọ́ọ̀gì ti kúrò lára ògiri o). Nísàlẹ̀, láàárín ọpọ́n méjèèjì, ẹ ó rí ike kékeré kan tí ó ní ọmọrí. Nínú rẹ̀ ni ìdénà omi wà: rọ́bà rírọ̀ kan pẹ̀lú sípíríìnì nínú rẹ̀, àti okùn tàbí ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó so ó mọ́ bọ́tìnnì tí a ń yí lókè. Bí a bá yí bọ́tìnnì sí ibi “dà á nù”, okùn á fa rọ́bà náà sókè, omi á ṣàn. Bí a bá dá a padà, sípíríìnì á tì í mọ́lẹ̀, omi á dúró. Bí okùn bá já, omi kò ní jáde. Bí nǹkan bá há sábẹ́ rọ́bà, kò ní dé ihò mọ́ dáadáa, omi á sì máa jò lọ bí a ti ń fọṣọ lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní irú ẹ̀rọ yìí. Oṣù mẹ́ta gbáko ni omi fi ń jò nínú rẹ̀. Oníṣẹ́ kan wò ó, ó ní ọpọ́n ti sán, kí wọ́n lọ ra ẹ̀rọ tuntun. Nígbà tí a yí ọmọrí ìdénà omi náà, tí a sì fa rọ́bà rẹ̀ jáde, kóró tẹ̀sùbáà mẹ́rin ni a bá lábẹ́ rẹ̀! Tẹ̀sùbáà já nínú àpò jalabíà, kò sì sí ẹni tí ó yẹ àpò náà wò kí aṣọ tó wọ inú omi. A fọ rọ́bà náà, a nu ihò rẹ̀, a dá a padà bí ó ti wà. Ó di òní, kò jò mọ́. Iṣẹ́ náà kò gbà wá tó ogún ìṣẹ́jú, àfi pé ẹ̀gbọ́n ń wá kóró tí ó kù kiri.

Ẹ̀yin ọmọ kéwú, àpò aṣọ yín dà? Owó ẹyọ, píìnì ìborùn, ìdérí bírò, ìdí ìdénà omi yìí ni gbogbo wọn ń lọ.

Ó ń kùn, kò yí

Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ, tí ẹ gbọ́ ohùn hùnùnù ṣùgbọ́n tí omi kò yí, ẹ tètè pa á. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí mo ti wí lórí mọ́tò lọ. Mọ́tò tí iná wọ inú rẹ̀ tí kò sì rí àyè yí, ooru ni yóò máa fi iná náà ṣe, wáyà inú rẹ̀ á sì jó láàárín ìgbà díẹ̀. Báyìí ni ìbọ̀sẹ̀ kan ṣe ń sọ ara rẹ̀ di owó mọ́tò.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé iná tí ó wà ńkọ́? Iná ilẹ̀ wa yẹ kí ó jẹ́ 230 fóòtì. Bí ó bá lọ sílẹ̀ sí 160, agbára tí irú mọ́tò yìí ní láti yí ohun kan kò tó ìdajì èyí tí ó ní tẹ́lẹ̀, nítorí agbára náà ń yára dínkù ju iná fúnra rẹ̀ lọ. Bí gílóòbù bá ń pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn, ẹ má fọṣọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò lè gbé ìbẹ̀rẹ̀ mọ́tò náà ń fa wàhálà kan náà.

Bí iná bá dára, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ fi ọwọ́ yí àwo roboto tí ó wà nísàlẹ̀ ọpọ́n ìfọṣọ. Bí ó bá le láti yí, nǹkan há sábẹ́ rẹ̀. Ìdè kan wà láàárín rẹ̀. Ẹ tú u, kí ẹ fa àwo náà sókè. Ẹ ó rí irun, òwú, owó ẹyọ, nígbà mìíràn odidi ìbọ̀sẹ̀. Bí ó bá sì ń yí fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ wo bẹ́líìtì láti ẹ̀yìn tàbí láti abẹ́. Bẹ́líìtì tí ó dára, bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín, kò ní rọ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Bí ó bá ti dẹ̀, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì tí ó mú mọ́tò, ẹ fa mọ́tò sẹ́yìn díẹ̀, ẹ sì dè é padà. Bí ó bá ti sán tàbí tí ara rẹ̀ ń dán, kí ẹ mú òun gan-an lọ sọ́jà, kí ẹ ra èyí tí nọ́ḿbà ẹ̀yìn rẹ̀ bá a mu. Ẹ má ṣe fi ojú díwọ̀n rẹ̀.

Bí kò bá há, tí bẹ́líìtì dára, tí iná sì tó, kapásítọ̀ ni kí a fura sí. Òun ni ó ń ti mọ́tò láti bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn ara rẹ̀ á wú, tàbí kí nǹkan máa sun jáde lára rẹ̀. Nọ́ḿbà wà lára rẹ̀ tí àmì uF tẹ̀ lé. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọlọ́pọ́n méjì, ó máa ń sún mọ́ 10 fún ìfọṣọ àti 5 fún ìfúnṣọ. Nọ́ḿbà kan náà ni kí a fi rọ́pò rẹ̀, kí fóòtì rẹ̀ má sì kéré sí ti àkọ́kọ́. Ohun tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti mọ́tò ni, ṣùgbọ́n nítorí iná tí ó ń pamọ́, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná pa á dà.

Ọpọ́n ìfúnṣọ

Èyí ni ó léwu jù fún àwọn ọmọdé. Bí kò bá yí, ẹ wò ó bóyá ìdérí rẹ̀ dé dáadáa, nítorí sùwíìṣì kan wà lábẹ́ ìdérí náà tí ó ń gé iná bí a bá ṣí i. Wáyà kan náà tún wà tí ó ń fa búréèkì. Ẹ tún fi tọ́ọ̀ṣì wo àárín apẹ̀rẹ̀ tí ń yí àti ọpọ́n tí ó yí i ká. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń fò bọ́ síbẹ̀. Bí ó bá ń gbọ̀n jìgìjìgì, aṣọ ló pọ̀ sí apá kan. Ẹ tò ó yíká, kí ẹ sì fi ike pẹlẹbẹ tí ó bá ẹ̀rọ wá tẹ̀ ẹ́ lórí.

Oníṣẹ́ kan lè sọ pé sùwíìṣì ìdérí ti bàjẹ́, kí ó so wáyà méjèèjì pọ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ má gbà fún un. Ọpọ́n tí ń sáré lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan ìṣẹ́jú ni èyí, aṣọ inú rẹ̀ sì lè wé mọ́ ọwọ́ ọmọ kí ó fà á ya. Bákan náà, bí ẹ bá ṣí ìdérí tí ọpọ́n kò sì dúró láàárín ìgbà díẹ̀, búréèkì rẹ̀ ti jẹ tàbí wáyà rẹ̀ ti dẹ̀. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó lò ó mọ́.

Ẹ wo abẹ́ ọpọ́n ìfúnṣọ náà. Rọ́bà kan yí ọ̀pá rẹ̀ ká, mọ́tò sì wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Bí rọ́bà yìí bá gbó, omi á máa kán sórí mọ́tò. Ẹ ó rí ipa ìpatà pupa níbẹ̀. Ohun tí ó ń mú kí ẹ̀rọ máa ta ènìyàn lọ́wọ́ nìyẹn nígbà mìíràn. Bí abẹ́ ẹ̀rọ bá sì ṣí sílẹ̀, ẹ wá ohun tí ẹ ó fi dí i. Eku fẹ́ràn wáyà.

Èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú

Níwájú nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn kékeré kan wà. Asẹ́ ń bẹ nínú rẹ̀ tí ó ń gba owó ẹyọ àti òwú kí wọ́n má baà dé ibi tí ń fa omi. Bí omi kò bá jáde, tí ilẹ̀kùn ńlá kò sì ṣí, ẹ dúró kí omi inú rẹ̀ tutù, ẹ gbé àwo pẹlẹbẹ síbẹ̀, kí ẹ sì máa tú asẹ́ náà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà.

Bí omi kò bá wọlé tó, ẹ tú rọ́bà tí ó ti ẹ̀rọ omi wá. Asẹ́ kékeré kan wà níbi tí ó ti wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, iyanrìn kànga sì máa ń dí i. Bí asẹ́ bá mọ́, ẹ wo gíga táǹkì yín: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí ń fẹ́ omi tí ó ti ibi tí ó ga tó mítà 5 wá. Bí ẹ̀rọ tuntun bá sì ń fò kiri ilé bí ewúrẹ́ tí wọ́n so, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn bóòtì gígùn kan wà níbẹ̀, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọ́n fi há ọpọ́n inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìrìnàjò. Ó yẹ kí á ti yọ wọ́n kí á tó tan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kíní. Ẹ tọ́jú wọn fún ọjọ́ tí ẹ ó bá kó kúrò nílé.

Ti tòkunbọ̀ ńkọ́? Èyí tí ó ti Ìlú Ọba wá, iná tiwọn àti tiwa bára mu. Èyí tí ó ti Amẹ́ríkà wá, 120 fóòtì ni iná tirẹ̀. Bí a bá fi bọ ojú iná wa tààrà, ó lè jó lójú ẹsẹ̀. Tiràńsífọ́mà á dín fóòtì kù fún un, ṣùgbọ́n 60 ni ìlù iná wọn lẹ́ẹ̀kan ìṣẹ́jú-àáyá, 50 sì ni tiwa, tiràńsífọ́mà kò sì lè yí ìyẹn padà. Ọ̀pọ̀ mọ́tò wọn á máa yí lọ́ra, á sì máa gbóná. Ẹ ka ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá ju agbára yín lọ, ẹ pe oníṣẹ́, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ti yẹ̀ wò fún un: omi ń jáde, bẹ́líìtì dára, iná jẹ́ 220, ó ń kùn kò yí. Oníṣẹ́ òdodo á yọ̀ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ní nǹkan kan ti bàjẹ́, kí ó fi èyí tí ó yọ hàn yín, kí ẹ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá parí, ẹ da omi lásán sínú ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 lójú rẹ̀, kí ó dá omi náà nù tán, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀ bóyá omi ń kán, kí ẹ tó fún un ní owó iṣẹ́ rẹ̀.